Ìwé àwòrán ẹ̀yìn fún ère kékeré: Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń dáwó jọ kí ìwé tó jáde, àti ibi tí ewu rẹ̀ wà

Ère tí kò ga ju oríkèé àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ lè gba odidi ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kùn ún. Yóò kun ojú, yóò kun èékánná, yóò kun ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá parí, tí onítọ̀hún gbé ère rẹ̀ síwájú kámẹ́rà kó lè fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ohun tí fọ́tò náà sábà máa ń gbé jáde ni ife tíì tó wà lẹ́yìn ère, wáyà iná tó lọ́ pọ̀, àti kọ́tìnnì tó ti ṣá. Báyìí ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ṣe ń di yẹpẹrẹ lójú ẹni tó ń wò ó.

Ìṣòro yìí ló bí irú ìwé kan tí kì í pọ̀ lórí àtẹ: ìwé tí kò ní ìtàn, tí kò ní ẹ̀kọ́, tó jẹ́ pé àwòrán ojú ọ̀run, igbó, ògiri ààfin àti ihò àpáta nìkan ló kún inú rẹ̀. Oníṣẹ́ ọnà ló fi ọwọ́ kun àwọn àwòrán náà, kí àwọn tó ní irú ère bẹ́ẹ̀ lè máa gbé e dúró sẹ́yìn ère wọn nígbà tí wọ́n bá ń ya fọ́tò. Àwọn tó nílò rẹ̀ kò pọ̀ ní ìlú kan ṣoṣo, wọ́n fọ́n káàkiri ayé ni. Nítorí náà, ó ṣòro kí ilé iṣẹ́ ìwé ńlá tó náwó lé e lórí. Ọ̀nà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà ń gbà jáde ni pé kí àwọn tó fẹ́ ẹ dá owó rẹ̀ jọ ṣáájú, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ètò náà ṣe ń lọ, ibi tó ti ṣẹ̀, àti ibi tí owó ti lè há sí, ni àlàyé yìí dá lé lórí.

ÈRE WẸ́WẸ́: LÁTI ỌWỌ́ ỌMỌDÉ DÉ ỌWỌ́ ÀGBÀ

Ọdún 1893 ni ilé iṣẹ́ William Britain ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í fi òjé rọ ọmọ ogun kékeré tí inú rẹ̀ ṣófo. Nítorí pé òjé tó wọ inú rẹ̀ dín kù, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ní 1913, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, H. G. Wells, gbé ìwé Little Wars jáde. Nínú rẹ̀ ló ti to òfin eré ogun tí àgbàlagbà lè fi irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ ṣe nínú ilé, ó sì fi fọ́tò eré náà sínú ìwé ọ̀hún.

Nígbà tó di 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni ère wẹ́wẹ́ ti kúrò ní ti ọmọ ogun nìkan, tí wọ́n ti di oṣó, iwin, ẹranko abàmì àti akọni inú àlọ́. Ilé iṣẹ́ Games Workshop, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1975, gbé eré Warhammer tirẹ̀ jáde ní 1983, òun náà sì tàn kálẹ̀. Gíga tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ère náà ni nǹkan bí 28 mílímítà. Wọ́n lè jẹ́ òjé, ike tàbí ohun lílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní resin. Láìní ọ̀dà lára ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dé ọwọ́ ẹni tó rà wọ́n. Olówó wọn ni yóò jókòó tì wọ́n, tí yóò sì kùn wọ́n.

Ìdí nìyí tí fọ́tò fi ṣe pàtàkì sí wọn. Ẹni tó kun ère ní abúlé kan ní Jámánì lè máà rí ẹlòmíràn ládùúgbò rẹ̀ tó mọ iyì iṣẹ́ náà. Fọ́tò nìkan ni yóò gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

OHUN TÍ KÁMẸ́RÀ Ń ṢE SÍ OHUN KÉKERÉ

Bí kámẹ́rà bá ṣe sún mọ́ nǹkan tó, bẹ́ẹ̀ ni ibi tó lè mú kedere ṣe ń fún sí i. Bí wọ́n bá dúró jìnnà díẹ̀ ya èèyàn, imú àti etí rẹ̀ yóò hàn kedere pọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sún mọ́ ère tó ga ní 28 mílímítà, ojú rẹ̀ lè mọ́ kedere kí idà tó gbé kọ́ ẹ̀yìn sì di ìkùukùu. Ohun tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń ṣe ni pé wọ́n máa ń dín ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú kámẹ́rà kù, láti f/8 dé f/16. Ìyẹn máa ń fẹ ibi tó mọ́ kedere lójú. Ṣùgbọ́n bí ihò bá kéré, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á dín kù, kámẹ́rà á sì ní láti la ojú rẹ̀ pẹ́ kó tó pa á dé. Ọwọ́ èèyàn kò lè dúró gbọn-in tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ gbé kámẹ́rà lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Àwọ̀ tó wà lẹ́yìn ère náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá fi bébà funfun sí ẹ̀yìn, kámẹ́rà tó ń ṣètò ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ á rò pé gbogbo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, á sì sọ ère di dúdú. Bí wọ́n bá fi aṣọ dúdú síbẹ̀, á rò pé òkùnkùn ló ṣú, á sì mú kí ère funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, bí eérú tàbí ojú ọ̀run tó ṣú díẹ̀, ló máa ń jẹ́ kí àwọ̀ ara ère jáde bó ṣe rí gan-an.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò kàn tẹ fọ́tò òkè tàbí igbó sórí bébà, kí wọ́n gbé e síbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ti ní oòrùn tirẹ̀. Bí oòrùn inú fọ́tò bá ń tàn láti ọwọ́ ọ̀tún, tí iná tó wà lórí tábìlì ń tàn láti ọwọ́ òsì, ojú ẹni tó ń wò ó á mọ̀ pé irọ́ ni, bí kò tilẹ̀ lè sọ ohun tó fà á. Oníṣẹ́ ọnà tó mọ iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àwòrán rẹ̀ fì sápá kan. Ó máa ń kun etí igi àti àpáta ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni pé wọ́n wà lọ́nà jíjìn, kí wọ́n má baà bá ère du ojú ẹni tó ń wò.

KÌ Í ṢE OHUN ÀJÈJÌ

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Kí fóònù tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn onífọ́tò, iwájú aṣọ tàbí pátákó tí wọ́n ya àwòrán sí lára ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dúró ya fọ́tò. Seydou Keïta, tó ṣí ilé ìyafọ́tò rẹ̀ ní Bamako, lórílẹ̀-èdè Mali, ní 1948, lo aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣọ ẹ̀yìn nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ní Gánà, Philip Kwame Apagya di ẹni tí ayé mọ̀ nítorí àwọn aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n ya ọkọ̀ òfurufú àti pálọ̀ olówó sí lára. Ẹni tí kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí á dúró síwájú rẹ̀, fọ́tò á sì gbé e fò. Ohun kan náà ni ìwé àwòrán ẹ̀yìn ń ṣe fún ère. Tábìlì ìdáná ló dúró lé, ṣùgbọ́n bèbè òkun ni yóò wà nínú fọ́tò.

BÍ ÌWÉ NÁÀ ṢE Ń RÍ

Ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ sórí bébà A4 ga ní 297 mílímítà, ó sì fẹ̀ ní 210. Ère tó ga ní 28 mílímítà kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gíga ojú ewé náà lọ, ààyè tó sì pọ̀ tó ni èyí. Bí wọ́n bá ṣí ìwé náà bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀, ojú ewé méjì á yí ère ká bí igun ilé. Bí wọ́n bá sì yí i nà, ojú ewé kan á tẹ́ sílẹ̀ bí ilẹ̀, èkejì á dúró bí ojú ọ̀run.

Ohun mẹ́ta ló máa ń ya ìwé tó dára sọ́tọ̀ sí èyí tí kò dára. Àkọ́kọ́ ni bébà. Bébà tó ń dán máa ń dá iná padà sójú kámẹ́rà, àmì funfun á sì hàn nínú fọ́tò, nítorí náà bébà tí kò dán ló yẹ kí wọ́n lò. Èkejì ni ìdìwé. Ìwé tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ kì í fẹ́ẹ́ là sílẹ̀ tán, ìlà dúdú á sì wà láàárín. Èyí tí wọ́n fi wáyà tàbí òwú dì máa ń là dáadáa. Ẹ̀kẹta ni àwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń gbé àwọ̀ jáde, ṣùgbọ́n íǹkì ni ilé ìtẹ̀wé ń lò. Ojú ọ̀run tó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà lè dé orí bébà kó ti ṣú. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ ọnà tó mọ ohun tó ń ṣe fi máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ojú ewé díẹ̀ wò kó tó fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀.

ÌDÍ TÍ OWÓ FI GBỌ́DỌ̀ ṢÁÁJÚ

Ní ilé ìtẹ̀wé ńlá, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe irin pẹlẹbẹ fún íǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán aláwọ̀, kí wọ́n sì to ẹ̀rọ. Iye kan náà ni wọn yóò ná sórí iṣẹ́ ìmúrasílẹ̀ yìí, yálà ìwé 50 tàbí 5,000 ni wọ́n fẹ́ tẹ̀. Bí ìwé bá kéré, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á wọ́n kọjá agbára ẹni tó fẹ́ rà á. Bí ó bá pọ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á dínwó, ṣùgbọ́n owó ńlá gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó yí. Oníṣẹ́ ọnà tí kò ní irú owó bẹ́ẹ̀, tí kò sì mọ̀ bóyá 100 èèyàn tàbí 1,000 ló fẹ́ ìwé rẹ̀, lè jẹ gbèsè kó sì tún máa wo páálí ìwé tí kò tà ní iyàrá rẹ̀. Bí àwọn tó fẹ́ ẹ bá san owó sílẹ̀, ó ti mọ iye tí yóò tẹ̀, owó ìtẹ̀wé sì ti wà lọ́wọ́.

Èyí kò rí bí èésú, níbi tí kálukú ń gba owó ní tirẹ̀ bó bá kàn án. Ó jọ owó aṣọ ẹbí. Gbogbo ẹbí á san owó sílẹ̀, ẹnì kan á kó o lọ sọ́jà, aṣọ á sì dé. Gbogbo ẹni tó bá ti san owó aṣọ ẹbí rí ló mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó gba owó náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Àṣà náà ti pẹ́ nídìí ìwé. Ní 1713, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alexander Pope, kéde pé òun fẹ́ túmọ̀ Iliad ti Homer. Àwọn 575 èèyàn forúkọ sílẹ̀ láti san guinea mẹ́fà fún ìdìpọ̀ mẹ́fà, tó jáde láàárín 1715 sí 1720. Ní 1789, Olaudah Equiano, ẹni tó ti jẹ́ ẹrú rí, tó sì kọ ọ́ pé ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti jí òun gbé, lo ọgbọ́n kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù láti tẹ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Orúkọ 311 èèyàn ló wà níwájú ìwé ọ̀hún, títí kan ọmọ ọba tí yóò jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Equiano kò ta ẹ̀tọ́ ìwé náà fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ lójú ayé rẹ̀. Ní 1885 ẹ̀wẹ̀, ìwé ìròyìn The World ti Joseph Pulitzer ní New York rọ àwọn èèyàn láti dáwó fún ìpìlẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé Ère Òmìnira lé. Àwọn tó lé ní 120,000 dá ohun tó ju 100,000 dọ́là lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kò dá tó dọ́là kan.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É LÓDE ÒNÍ

Ilé iṣẹ́ Kickstarter, tó bẹ̀rẹ̀ ní New York ní oṣù kẹrin ọdún 2009, ló sọ ọ̀nà yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́kàn á ṣàlàyé rẹ̀, á sọ iye tó ń wá, á sì dá ọjọ́, tí kò gbọ́dọ̀ ju 60 lọ. Bí owó tí àwọn èèyàn ṣèlérí kò bá pé iye náà nígbà tí ọjọ́ bá pé, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá pé, wọ́n á yọ owó náà lórí káàdì àwọn olùdáwó, Kickstarter á sì mú ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ń gba owó láti orí káàdì náà á mú tiwọn lọ́tọ̀.

Inú àwọn eléré tábìlì àti àwọn tó ń kun ère ni ètò yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Ní 2012, ilé iṣẹ́ Reaper Miniatures ní Amẹ́ríkà kó ohun tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là jọ láti ṣe ère ike. Nídìí ìwé, òǹkọ̀wé Brandon Sanderson gba ohun tó lé ní mílíọ̀nù 41 dọ́là fún ìtàn àròsọ mẹ́rin ní oṣù kẹta ọdún 2022, láti ọwọ́ àwọn tó lé ní 185,000. Ti ìwé àwòrán ẹ̀yìn kò lè tó bẹ́ẹ̀, kò sì nílò kó tó bẹ́ẹ̀. Ọgọ́rùn-ún mélòó kan èèyàn ti tó láti mú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yí.

IBI TÍ OWÓ TI Ń HÁ

Ká ní 500 èèyàn dá pọ́n-ùn 25 kọ̀ọ̀kan. Pọ́n-ùn 12,500 nìyẹn. Ìdá márùn-ún Kickstarter jẹ́ 625. Bí àwọn tó ń gba owó káàdì bá mú nǹkan bí ìdá mẹ́rin, 500 mìíràn ti lọ. Ó ku 11,375. Nínú rẹ̀ ni owó ìtẹ̀wé, owó páálí, owó orí àti oúnjẹ oníṣẹ́ ọnà fún oṣù tó fi kun àwòrán yóò ti jáde. Bí ó bá gbàgbé owó ìfìwéránṣẹ́, tàbí tó ṣírò rẹ̀ kù, gbogbo èrè rẹ̀ lè bá a lọ, nítorí pé ìwé wúwo, ilẹ̀ òkèèrè sì jìnnà.

Ọdún 2021 kọ́ ọ̀pọ̀ ní ọgbọ́n. Owó gbígbé àpótí ẹrù ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 láti Ṣáínà lọ sí Yúróòpù, tí kò tó 3,000 dọ́là ní 2019, kọjá 10,000 dọ́là. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún náà, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù fòpin sí àǹfààní tí kì í jẹ́ kí ẹrù tí kò ju yúrò 22 lọ san owó orí VAT. Àwọn tó ti gba owó lọ́wọ́ olùdáwó ṣáájú àkókò yìí kò lè padà lọ béèrè àfikún láìjẹ́ pé ariwo sọ.

Ìdíwọ́ yàtọ̀ sí ìlòkulò. Ní 2012, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà gba ohun tó lé ní 122,000 dọ́là lọ́wọ́ àwọn 1,246 olùdáwó lórí Kickstarter láti ṣe eré tábìlì kan, The Doom That Came to Atlantic City, tó ní ère òjé nínú. Ní 2013 ló kéde pé kò ṣeé ṣe mọ́. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò, FTC, fẹ̀sùn kàn án pé owó ilé gbígbé àti ìnáwó ara rẹ̀ ló fi púpọ̀ nínú owó náà san. Ẹjọ́ náà parí sí ìfohùnṣọ̀kan ní 2015. Òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí àjọ ọ̀hún gbé dìde lórí ìdáwójọ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n pàṣẹ pé kó san 111,793 dọ́là, ṣùgbọ́n wọ́n dá a dúró nítorí pé kò ní in. Ilé iṣẹ́ mìíràn, Cryptozoic, ló ṣàánú àwọn olùdáwó, tó ṣe eré náà, tó sì fún wọn.

Kì í ṣe pé gbogbo wọn ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí Ethan Mollick ti yunifásítì Pennsylvania gbé jáde ní 2015 fi hàn pé nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ tó rí owó rẹ̀ gbà lórí Kickstarter ni kò mú ìlérí ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bọ́ sínú mẹ́sàn-án náà kì í rí ìtùnú nínú mọ́kànléláàádọ́rùn-ún yòókù. Kickstarter fúnra rẹ̀ kì í dá owó padà. Àárín olùdáwó àti ẹni tó gbé iṣẹ́ kalẹ̀ ni àdéhùn wà.

OHUN TÓ YẸ KÍ OLÙDÁWÓ WÒ

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ máa ń wo ohun mẹ́rin. Ṣé àwòrán ti wà nílẹ̀ tán, àbí oníṣẹ́ ọnà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa kùn ún? Ìwé tí àwòrán rẹ̀ ti parí kò ku ju ìtẹ̀wé lọ. Ṣé ó ti tẹ ìwé jáde rí, tí àwọn tó dáwó fún ti tẹ́lẹ̀ sì rí tiwọn gbà? Ṣé ó sọ irú bébà, ìdìwé àti iye ojú ewé, àbí ó kàn ń dárà lẹ́nu? Ṣé ó kọ owó ìfìwéránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kedere? Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè dúró títí ìwé yóò fi jáde, kó rà á lórí àtẹ. Yóò wọ́n jù díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ti wà.

Ní Nàìjíríà, àjọ SEC tó ń rí sí ọjà ìpín ìdókòwò gbé òfin ìdáwójọ tirẹ̀ jáde ní 2021. Ti àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tó ń wá olùdókòwò ni òfin náà dá lé. Ẹni tó dáwó fún ìwé àwòrán kò ra ìpín kankan nínú òwò, ìwé ló ń retí.

Yorùbá máa ń sọ nípa Alájọ Ṣómólú pé orí rẹ̀ pé, ó ta mọ́tò ó fi ra kẹ̀kẹ́, nítorí pé owó olówó kò sọnù sí i lọ́wọ́. Oníṣẹ́ ọnà tó bá gba owó 500 èèyàn tí kò rí rí, tí ìwé kọ̀ọ̀kan sì dé ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láìní ìbàjẹ́, kò ní í wá olùdáwó tì nígbà tó bá tún gbé òmíràn dìde.